Ìṣó Kì í Gun Táyà

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù ọ̀gá télọ̀ kan ní Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́: "E kaaro sa. E ma binu, iso gun taya keke mi. Mo n bo." Ọ̀gá náà kà á sókè fún oníbàárà tó ń dúró de aṣọ, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe kà á, ìṣó ló gẹṣin: ó fẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ó fèkejì sósì, ó jókòó lé táyà bí ìjòyè tó ń lọ sójúde ọba lọ́jọ́ ọdún.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò ṣeré. Ojú títì ló wà, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Àwọn àgbà ti sọ ti irú rẹ̀ tipẹ́: ẹni ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ.

Àmì orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ẹ̀rín náà sílẹ̀. "Gùn", olóhùn ìsàlẹ̀, ni ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ẹṣin, kẹ̀kẹ́, igi tàbí òkè. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ a gòkè díẹ̀ sí àárín: ọmọ gun kẹ̀kẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà a dúró síbi tó wà, arọ́pò-orúkọ a sì gba ohùn òkè: ọmọ gùn ún. Ti "gún", olóhùn òkè, yàtọ̀. Iṣẹ́ ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, kì í sì í pa ohùn dà nítorí ẹnikẹ́ni: ìṣó gún táyà. Arọ́pò-orúkọ ni yóò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ sí àárín: ìṣó gún un. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ "gùn ún" àti "gún un" ti mọ ti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. A lẹ túùbù, a lẹ̀ ẹ́. A fọ kẹ̀kẹ́, a fọ̀ ọ́. Ìgò gé táyà, ó gé e.

Inú "gún" yìí náà ni "ẹ̀gún" ti jáde, èyí tó ń gún ni lẹ́sẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ ṣọ́ra, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ pọ̀. "Ègún" ni èyí tí wọ́n ń fi ẹnu gé. "Eegun" wà nínú ẹran. "Eégún" ń jó lójú agbo. Àwọn "Ègùn" sì wà ní Àgbádárìgì. Kò sí èyí tó ń gún táyà nínú wọn àfi ẹ̀gún.

Kẹ̀kẹ́ wo gan-an là ń wí? Ẹni tó bá pe kẹ̀kẹ́ ní Èkó lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró fún un, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mohammed Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, sọ ní kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ lódindi ní 1884, ohun tí ẹṣin ń fà lọ sójú ogun ni kẹ̀kẹ́. Èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà wá ní láti gba àlékún orúkọ kó má baà sọnù sáàárín wọn: kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tó ń lọ geere láìpariwo. Àwọn mìíràn kàn ń pè é ní báísíkù. "Kẹ́kẹ́", tó ní ohùn òkè méjèèjì, ilà ojú nìyẹn, kò sí táyà níbẹ̀.

Ọmọ télọ̀ dé ọ̀dọ̀ fọganáísà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú òjò. Táyà mi ló fọ́."

Bàbá náà kò gbójú sókè. "Ìgò ló ń fọ́, ọmọ mi. Ṣé ó jò ni àbí ó bẹ́?"

Ìbéèrè iṣẹ́ ni bàbá bi í. "Fọ́" jẹ́ ti ohun líle tó ń túká: ìgò, ìkòkò, àwo, ẹyin. Ohun tó bá sì fọ́ ń fi àfọ́kù sílẹ̀, à-fọ́-kù, èyí tó fọ́ tó ṣẹ́ kù, gẹ́gẹ́ bí àjẹkù ṣe jẹ́ èyí tí a jẹ kù. Rọ́bà kì í fi àfọ́kù sílẹ̀. Lóòótọ́, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn la ti ń gbọ́ pé táyà fọ́, ó sì yé gbogbo ayé, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. "Jò" ń sọ pé ihò kékeré kan wà níbì kan, afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde níbẹ̀, táyà tó le lálẹ́ àná ló rọ̀ láàárọ̀ yìí. "Bẹ́" ń sọ pé ó dún, àdúgbò gbọ́, túùbù ti ya, ó sì lè má ṣeé lẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó fẹ́ sọ "jò" má sì gbé ohùn sókè, torí "jó" ti kúrò níbẹ̀: iná ló ń jó, tàbí ènìyàn.

"Ó jò ni, bàbá."

Bàbá yọ túùbù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó tì í bọ bàsíà omi tó ti dúdú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ omi. Níbì kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ó fi àtàǹpàkò dí ojú ibẹ̀, ó fà á jáde, ó nù ún gbẹ, ó fi ohun kan tó rí ṣákaṣàka ha ojú rọ́bà, ó fi sólúṣàn kùn ún, ó sì gbé e sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀. Kò tíì lẹ̀ ẹ́ o. Àkísà ló mú, tó ń fi nu inú táyà yípo. Àkísà náà há lójú kan. Ó tẹ táyà síta níbẹ̀, ó sì fi ẹnu ẹ̀mú fa nǹkan kan yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà.

Kì í ṣe ìṣó. Èérún ìgò ni, kò tó hóró ìrẹsì.

Ká ní bàbá lẹ túùbù tán tó sì dá a padà láìwo inú táyà, èérún yẹn ìbá ti gé e níbòmíràn kí ọmọ náà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣó tí àtẹ̀jíṣẹ́ fẹ̀sùn kàn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ì bá sì yàtọ̀ pẹ̀lú, torí Yorùbá kì í fi ìṣe ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ìṣó àti ẹ̀gún ń gún ni, ìgò àti ọ̀bẹ ń gé ni. Bákan náà ni àkekèé àti oyin ń ta ni, ẹ̀fọn ń jẹ ni, ejò ń bu ni ṣán. Ẹni tó bá ní àkekèé gé òun, yóò ṣàlàyé.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà òjò ni irú èyí ń pọ̀? Àgbàrá ni ká kọ́kọ́ mú. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àgbàrá tí kò rí ilé wó a kó ìgò, ìṣó, wáyà àti òkúta láti ẹnu ọ̀nà wá sí títì, bí omi bá sì ti ń fà, a dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ibi tó tẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́bàá gọ́tà, náà sì ni ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ máa ń rọ́ mọ́ kí ọkọ̀ má baà gbá wọn. Ẹni tó bá rí àyè kó gba inú díẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ mọ́tò ti gbá ilẹ̀ mọ́. (Àwọn tó ń kọ "agbara òjò" láìfi àmì sí i náà wà. Agbára ni òjò fi ń ṣe é, àgbàrá ni ohun tó ṣàn.)

Omi fúnra rẹ̀ tún ń ran ìgò lọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe bàtà: kó tó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà, a ti ọ̀bẹ bọ omi, torí rọ́bà gbígbẹ ń di ọ̀bẹ mú, rọ́bà tútù ń jẹ́ kó yọ̀ wọlé. Ohun kan náà ni àfọ́kù ń ṣe lójú títì tó tutù. Táyà tútù tún ń gbé iyanrìn àti èérún mọ́ra, wọ́n a sì lẹ̀ mọ́ ọn bíi gààrí mọ́ ọwọ́ tútù.

Ìgò kékeré kì í sábà lu táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wọ̀ ọ́ ni, díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 26 ń yí bí ìgbà 480 nínú kìlómítà kan, gbogbo ìgbà tó bá sì yí ni ilẹ̀ ń ti èérún náà wọlé sí i. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn fi ń dúró lẹ́yìn ibi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí, tí wọ́n á yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò, tí wọ́n á fi ohun ṣóńṣó kan yọ èyí tó bá há sójú rọ́bà kó tó dé túùbù. Kí wọ́n má fi ìka lásán nù ún o. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì sàn ju títi kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọganáísà.

Òjò rọ̀, táyà rọ̀: ọ̀rọ̀ méjì ni, ojú wọn jọra, ohùn wọn jọra. Èkejì ni oníkẹ̀kẹ́ lè ṣe nǹkan sí. Táyà tó rọ̀ kò lè gba kòtò. Tó bá já sínú kòtò, etí kòtò àti rímù a fún túùbù sáàárín, a sì lu ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Fọganáísà tó bá rí ihò méjì bẹ́ẹ̀ kò ní wá ìṣó. Yóò béèrè ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ òjò, kòtò ń fi omi bojú, ó ń dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ẹni tó bá sì kọrí sínú omi tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń fi túùbù ta tẹ́tẹ́. Iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́ wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà: táyà fífẹ̀ lè jẹ́ 30 sí 50 lórí ìwọ̀n PSI, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa lọ láti 80 sókè. Kí gẹ́ẹ̀jì máa kàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí túùbù tí kò lu náà ń pàdánù afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Táyà ló ń gba afẹ́fẹ́, ẹni tó gùn ún ló ń gbafẹ́.

Táyà, túùbù, rímù, sípóòkù: èdè òkèèrè ni gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n ti kọ́ ìwà ilé. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ló fi há fáwẹ̀lì sáàárín "sípóòkù" tó sì fi òmíràn dì í nídìí. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹran tó ń ṣiṣẹ́ ní Belfast, gbàwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe sí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kékeré. Kò pẹ́ tí ayé fi ń wá rọ́bà kiri. Láàárín àwọn ọdún 1890, igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó o gba Èkó lọ sókè òkun, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ igi náà lára títí ó fi kú. Rọ́bà ti ibí lọ, táyà ti ibẹ̀ bọ̀, ó gbé orúkọ rẹ̀ dání. Àní èyí tí wọ́n ti lò rí náà ń bọ̀ lónìí, a sì sọ ọ́ ní tòkunbọ̀, orúkọ tí a ti ń fún ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun kó tó di ti ọjà. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tàbí tí ojú rẹ̀ ti jẹ tán, kò sí bí wọ́n ṣe lè lẹ̀ ẹ́ tí kò ní máa jò.

"Jò" yìí kan náà ti ń rìn jìnnà sílé. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ìwé ìdánwò jò, pé ọ̀rọ̀ ìpàdé jò. Omi, epo, afẹ́fẹ́ àti òrùlé ló ń jò. Àṣírí ń tú, ọ̀rọ̀ ń ta síni létí, ìwé ìdánwò sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó rí i.

Kí ọmọ télọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kejì ránṣẹ́, ó fara balẹ̀ wá gbogbo àmì lórí fóònù: "Èérún ìgò ni, sà, kì í ṣe ìṣó. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́."

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yìí nìwọ̀nyí. Kí òǹkàwé fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i:

Ojo ro, Ojo ko gun keke lojo naa.
Egun gun taya Ayo, won si le e.
Leyin ojo, omo naa fo keke oga re.

Ìkẹta ní ìtumọ̀ méjì. Ọ̀gá tó ni kẹ̀kẹ́ nìkan ló lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀.