BÁTÌRÌ KẸ̀KẸ́ ONÍNÁ: Ẹ WỌN Ọ̀NÀ KÍ Ẹ TÓ WỌN OWÓ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú àti ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tí ń fi bátìrì rìn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, owó ọkọ̀ ti di ẹrù wúwo lórí òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń tọrọ ẹ̀yáwó láti ra irú kẹ̀kẹ́ yìí: ẹni tí yóò máa gùn ún lọ sí èbúté ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, ẹni tí yóò máa fi gbé búrẹ́dì kiri, àti ẹni tí yóò máa fi kó ẹja láti etí ọ̀sà lọ sí ọjà.

Nínú àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí mo máa ń yẹ̀ wò, iye owó kẹ̀kẹ́ máa ń wà níbẹ̀, orúkọ àwọn onídùúró náà máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n bátìrì kì í sábà sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ló sábà máa ń wọ́n jù lára kẹ̀kẹ́ náà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Bí ó bá kéré jù, yóò dá ẹni dúró sójú ọ̀nà, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Bí ó bá tóbi jù, ọmọ ẹgbẹ́ ti yá owó tí kò yẹ kí ó yá, yóò sì máa gbé ìwúwo tí kò wúlò fún un kiri. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Kò ju ìṣirò ìlọ́po àti ìròpọ̀ lọ.

1. Kí ni àwọn nọ́ńbà ara bátìrì ń sọ?

Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì lára bátìrì: èkíní ní V lẹ́yìn, èkejì ní Ah. Ẹ fi táǹkì omi ṣe àpẹẹrẹ. V dà bí gíga orí igi tí a gbé táǹkì lé: bí ó bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe fi agbára tú jáde tó. Ah dà bí títóbi inú táǹkì náà. Ọ̀kan nínú wọn kò lè dá sọ bí kẹ̀kẹ́ yóò ṣe rìn jìnnà tó. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ohun tí ẹ ó rí ni Wh, èyí tí í ṣe àpapọ̀ agbára inú bátìrì.

Bátìrì 36V tí ó jẹ́ 10Ah ní 360 Wh. Bátìrì 48V tí òun náà jẹ́ 10Ah ní 480 Wh. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 10Ah, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹni tí ń tà á bá sọ pé "ten ampere ni," ẹ bi í pé fóòtì mélòó? Ẹ rántí pẹ̀lú pé V bátìrì gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ mu. A kì í gbé bátìrì 48V sórí kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún 36V.

2. Kí ni ọ̀nà ń jẹ?

Kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní iye Wh tí ó ń jẹ. Bí ẹni tí ń gùn ún bá ń fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà láti ran ẹ̀rọ lọ́wọ́, tí ọ̀nà tẹ́jú, tí ẹrù kò sì pọ̀, ẹ fi 12 Wh ṣírò kìlómítà kan. Bí kò bá fẹ́ wa ẹsẹ̀ púpọ̀, ẹ fi 15 ṣírò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni yóò máa gbé e pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ fi 20 ṣírò. Ọ̀nà oníyanrìn, òkè, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ kojú ẹni, dídúró àti ṣíṣí léraléra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi kún un.

Ẹ má ṣe gba iye kìlómítà tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí. Ẹni tí kò sanra, lójú ọ̀nà ọ̀dà tí ó tẹ́jú, ni wọ́n sábà fi ń dán an wò. Ẹ wọn ọ̀nà ti yín fúnra yín, àlọ àti àbọ̀, fún ọjọ́ mẹ́fà, kí ẹ mú ọjọ́ tí ó gùn jù.

3. Ìṣirò náà

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ fi iye kìlómítà ọjọ́ kan sọ iye Wh tí kìlómítà kan ń jẹ di púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin iye náà kún un, nítorí kò dára kí a máa lo bátìrì lithium gbẹ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́rin iye tuntun náà kún un, nítorí ọjọ́ ogbó. Bátìrì tí agbára rẹ̀ ti dín kù sí 80 nínú 100 ni a ń pè ní arúgbó, ó sì yẹ kí arúgbó náà ṣì lè gbé yín délé.

Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní: Òṣìṣẹ́ kan ń rin kìlómítà 20 lóòjọ́, ó sì ń wa ẹsẹ̀. 20 lọ́nà 12 jẹ́ 240. Fi 60 kún un, ó di 300. Fi 75 kún un, ó di 375 Wh. Bátìrì 36V 10Ah kò tó. Èyí tí ó jẹ́ 48V 10Ah, tàbí 36V 13Ah, tó, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Kò sí ìdí tí yóò fi yá owó 48V 20Ah.

Àpẹẹrẹ kejì: Ẹlẹ́ja kan ń rin kìlómítà 40 pẹ̀lú ẹrù, kì í wa ẹsẹ̀. 40 lọ́nà 20 jẹ́ 800. Ó di 1,000, ó tún di 1,250 Wh. Bátìrì 48V 13Ah méjì jẹ́ 1,248 Wh. Ó bá a mu. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, tí ó sì ń sinmi níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, bátìrì kan péré lè tó o: yóò lò ó láàárọ̀, yóò fi ṣájà 3A dá agbára tí ó lò padà, yóò sì tún lò ó nírọ̀lẹ́. Ẹ ò rí i pé bí iná ṣe rí níbi iṣẹ́ lè dín ẹ̀yáwó kù?

4. Òjé tàbí lithium?

Bátìrì olójé ti wà láti ọdún 1859, nígbà tí Gaston Planté ará Faransé ṣe é. Lithium-ion kò dé orí àtẹ títí di ọdún 1991. Olójé rọ̀ lọ́rùn láti rà, ṣùgbọ́n ìdajì agbára rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa lò bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Òṣìṣẹ́ wa tí ń lo 240 Wh lóòjọ́ yóò wá olójé tí ó tó 480, pẹ̀lú 120 fún ọjọ́ ogbó: 600 Wh ni. Bátìrì olójé 48V 12Ah kò tíì tó 600, síbẹ̀ ó wúwo ju kìlógíráàmù 15 lọ. Ẹni tí ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó ronú nípa àtẹ̀gùn.

5. Bátìrì lè kú, gbèsè kì í kú

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ibí yìí ni kí ẹ ti tẹ́tí gidigidi. Bátìrì olójé tí a ń lò dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ kì í sábà ju ìgbà 300 lọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù yóò lo ìgbà 300 tán láàárín oṣù 12. Bí ẹ bá yá a ní owó oṣù 18, bátìrì yóò kú nígbà tí gbèsè ṣì ku oṣù mẹ́fà. Kò ní rí kẹ̀kẹ́ gùn lọ síbi iṣẹ́, kò ní rí owó san, àwọn onídùúró ni ọ̀ràn yóò sì já lé lórí.

Lithium tí ó dára sábà máa ń tó ìgbà 500 sí 1,000. Bí a bá tilẹ̀ mú 500, oṣù 19 ni, ó kọjá gbèsè oṣù 18. Irú lithium tí a ń pè ní LFP lè tó 2,000. Òfin tí mo dábàá ni pé kí ọjọ́ ìsanwó má ṣe ju ọjọ́ ayé bátìrì lọ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ sì máa fi owó díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù sínú ìfowópamọ́ rẹ̀ fún bátìrì tí ń bọ̀.

6. Iná àti ààbò

Ẹ pín Ah bátìrì sí A ṣájà: 15Ah lórí ṣájà 3A jẹ́ wákàtí márùn-ún, kí ẹ fi díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìpele iná àdúgbò yín. Nínú ètò ìpele iná, ìpele A yẹ kí ó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, D 12 kọ́ bí kò ṣe 8, C ló ni 12, E sì jẹ́ 4. Ẹni tí ó wà ní ìpele E kò gbọdọ̀ ra bátìrì tí ń fẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ní ti owó, 1,000 Wh ni yúnìtì kan lórí mítà. Bátìrì 480 Wh kò ní jẹ ju yúnìtì kan lọ bí a bá tilẹ̀ fi òfò kún un.

Ní ìlú New York, ní ọdún 2023, iná tí bátìrì lithium dá sílẹ̀ pa ènìyàn 18. Nítorí náà, ẹ lo ṣájà tí a ṣe fún bátìrì náà nìkan. Ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, lórí ibùsùn, tàbí nígbà tí gbogbo ilé bá ń sùn. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n tún dì, tí ó wú, tàbí tí omi ti wọ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé

(a) Ọmọ ẹgbẹ́ kan ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́, kì í wa ẹsẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi 15 Wh ṣírò. Bátìrì wo ni ó yẹ ẹ́? (Ìdáhùn: 450, ó di 563, ó di 703 Wh. Bátìrì 48V 15Ah, tí í ṣe 720 Wh, tó o.)

(b) Ǹjẹ́ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yín ní àyè fún V, Ah, irú bátìrì àti kìlómítà ọjọ́ kan? Bí kò bá ní, ta ni yóò fi kún un, ọjọ́ wo ni yóò sì parí rẹ̀?

(d) Bí ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún bá fẹ́ ra irú bátìrì kan náà, ǹjẹ́ ẹgbẹ́ lè bá wọn rà á pọ̀, kí a gba ìwé ẹ̀rí àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ìpàdé. Bí mo bá dé fún àyẹ̀wò ìwé, òun ni n ó kọ́kọ́ béèrè.