Jẹjẹrẹ Tó Lọ Tó Tún Padà

 

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin nínú Ìsìláàmù, ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa ń gbọ́ ọ nípa obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn mú pé: "Kókó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ló bá tún yọ. Ọwọ́ ayé ni." Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tín-ín-tín tí Ọlọ́hun fi mọ ara wa. Ọ̀kan ṣoṣo tí ìlànà inú rẹ̀ bàjẹ́ ni jẹjẹrẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò máa pín sí méjì láìdúró. Kí kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó lè ní nǹkan bí bílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì. Ó dà bí ọmọ kéú tó ń da wàláà ẹnìkejì rẹ̀ kọ: àṣìṣe ti àkọ́kọ́ kò kúrò, tirẹ̀ tún kún un. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì inú kókó kan náà kì í dọ́gba. Peter Nowell ará Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé èyí ní 1976.

Bí oògùn bá wọlé, àwọn tí kò lágbára yóò kú. Àwọn díẹ̀ tí oògùn kò ràn yóò kù, àwọn ni yóò sì tún bí sí i, bí èpò tí oògùn àgbẹ̀ kò pa. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ibà ṣe borí chloroquine. Ní 2005, Nàìjíríà fi ACT rọ́pò rẹ̀, oògùn méjì tí a pa pọ̀. Dókítà náà máa ń pa oògùn jẹjẹrẹ pọ̀, kí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan lè bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Ẹni tó bá dá abẹ́rẹ́ dúró nítorí pé ọwọ́ kò ba kókó mọ́, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣì lè wà níbẹ̀ tí ọwọ́ kò lè bà. Òótọ́ ni pé owó ló ń dá ẹlòmíràn dúró. Ibẹ̀ ni sàdákà ẹgbẹ́ wa ti wúlò jù. Ó sì ń padà sára ẹni tí kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ má dá irú wọn lẹ́bi.

Ànábì (SAW) pàṣẹ pé kí a máa tọ́jú ara. Nígbà tí kókó bá kéré, irú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò tíì pọ̀, iṣẹ́ abẹ sì lè kó o tán. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹ má dúró de ìrora, nítorí ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. (Arákùnrin náà ní ọyàn o, ó ń mú ọkùnrin, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.)