Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ONÍGÌTÁ: BÍ A TI Í TO PẸ́DÀLÌ SÍ ORÍ PÁTÁKÓ FÚN ÒDE ERÉ

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ ìtàn orin jùjú kí ó má dárúkọ gìtá. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná mànàmáná wọ inú orin náà, láti ìgbà náà ni ìlù kò sì ti lè bo ohùn gìtá mọ́lẹ̀ mọ́ ní òde àríyá. Nígbà tí ó di ọdún 1962, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ́dàlì kan ní Amẹ́ríkà, Maestro Fuzz-Tone ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ń mú kí ohùn gìtá le bí ti fèrè idẹ. Lónìí, pẹ́dàlì pọ̀ lóríṣiríṣi ní ọjà, àwọn ọ̀dọ́ onígìtá wa sì ń rà á. Ṣùgbọ́n rírà nìkan kò tó. Mímọ bí a ti í tò ó ni iṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo wà níbi ìnáwó òkú àgbà kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin onígìtá kan kó pẹ́dàlì mẹ́rin wá. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó fi rà wọ́n. Ilẹ̀ lásán ni ó tò wọ́n sí, wáyà wọn sì lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́. Bí àwọn ọmọ olóòkú ti jáde láti jó ni ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kọ wáyà, gìtá sì dákẹ́ lójijì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń tú èyí, ó ń so tọ̀hún, kò mọ ibi tí àrùn wà. Onígángan ni ó gba eré náà là. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá rẹ̀ yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò wá ẹlòmíràn. Gbèsè sì wà nílẹ̀ tí kò tí ì san. Ohun tí a rí nígbẹ̀yìn ni pé wáyà kékeré kan, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni ó já nínú. Nítorí irú ọ̀ràn báyìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Iṣẹ́ tí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Pẹ́dàlì jẹ́ àpótí irin kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ohùn gìtá yóò gba ẹnu kan wọlé, yóò sì gba ẹnu kejì jáde lọ sí áńpílífáyà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju mẹ́rin lọ:

(a) Túnà: èyí ń fi hàn wá bí okùn gìtá bá ti lọ sókè jù tàbí tí ó dẹ̀ jù.
(b) Ofadíráífù: èyí ń mú kí ohùn gìtá le, kí ó sì nípọn.
(d) Kọ́rọ́ọ̀sì: èyí ń mú kí gìtá kan dún bí ẹni pé méjì ni ó ń dún pọ̀.
(e) Díléè: èyí ń dá ohùn padà bí gbohùngbohùn tí ń ti inú àpáta dáhùn.

2. Bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn

Bí a ti kà wọ́n sílẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ tò wọ́n. Túnà ni yóò ṣáájú, kí ó lè gbọ́ ohùn gìtá ní mímọ́ kí ohunkóhun tó dà á pọ̀. Púpọ̀ nínú túnà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ a sì máa pa ohùn mọ́ nígbà tí a bá ń tún okùn ṣe, tí àwọn ará òde kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ofadíráífù gbọ́dọ̀ ṣáájú díléè. Bí díléè bá ṣáájú, gbogbo ìró tí ó ń dá padà ni ofadíráífù yóò tún gbá mú, tí yóò sì lọ̀ pọ̀, ohùn yóò wá dàrú bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́wàá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà onígìtá mìíràn sì ń tò ó bí ó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ ọ̀nà tààrà kí ó tó ya bàrá.

Ẹ kíyè sí i pé lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́dàlì, ọwọ́ ọ̀tún ni ohùn ń gbà wọlé, ọwọ́ òsì ni ó ń gbà jáde. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ títò.

3. Ọ̀ràn iná

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba owó wọn jẹ́. Púpọ̀ nínú pẹ́dàlì ń lo fóltì 9, irú iná tí ń jáde láti inú bátìrì, èyí tí a ń kọ ní D.C. Kí ẹ tó so pẹ́dàlì mọ́ àdápútà, ẹ ka ohun tí a kọ sí ara àwọn méjèèjì. Èkíní, kí fóltì wọn bára mu; àdápútà fóltì 18 lè jó pẹ́dàlì tí a ṣe fún fóltì 9. Èkejì, kí irú iná náà jẹ́ D.C. Ẹ̀kẹta, ẹ wo àwòrán kékeré tí ó ní àmì (+) àti (−). Lára púpọ̀ nínú pẹ́dàlì, àmì (−) ni ó wà láàárín. Bí ti àdápútà bá yàtọ̀ sí i, ẹ má ṣe sọ wọ́n pọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n iná tí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ, tí a ń fi mílíáńpù kà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé túnà ń jẹ 30, ofadíráífù 20, kọ́rọ́ọ̀sì 20, díléè 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Àdápútà tí ó lè pèsè 200 yóò gbé wọn láìsí wàhálà, èyí tí kò ju 100 lọ kò lè gbé wọn. Bí mílíáńpù àdápútà bá ju ohun tí pẹ́dàlì ń fẹ́ lọ, kò léwu. Fóltì ni kò gbọ́dọ̀ jù.

Ní òde tí a ti ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró dáadáa kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, nítorí òun ni ń darí iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí ó bá ń ta yín lọ́wọ́ tàbí lẹ́nu nígbà tí ẹ di okùn gìtá mú tí ẹ sì fẹnu kan makirofóònù, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ pe oníná. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ abẹ́ kánópì, ẹ pa gbogbo rẹ̀. Eré lè padà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí iná bá gbé kì í padà bọ̀.

4. Pátákó

Kò di ìgbà tí a bá ra pátákó òkèèrè. Gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé lè gé pákó tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì fẹ̀ ní 30. Kí ó fi igi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹsẹ̀ lè dé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn, kí àdápútà sì rí ààyè lábẹ́ rẹ̀. Kí ó lu ihò tí wáyà iná yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ lẹ irú aṣọ tí ń dì mọ́ra lára bàtà ọmọdé mọ́ pátákó àti mọ́ ìdí pẹ́dàlì. Yóò dì í mú, yóò sì ṣe é tú nígbàkigbà.

Wáyà tí ó so pẹ́dàlì pọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 lọ. Wáyà gìtá lè tó mítà 6. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn tínrín a máa sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ fi wáyà náà gba inú ọ̀já tí ẹ fi gbé gìtá kọ́ èjìká kí ẹ tó kì í bọ gìtá. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, ọ̀já ni yóò fà, kì yóò já.

5. Ìdánwò kí àwọn àlejò tó dé

Ẹ tẹ pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un tẹ̀ padà. Bí ohùn bá fò sókè tàbí tí ó lọ sílẹ̀ jù, ẹ yí bọ́tìnì rẹ̀ títí yóò fi bá ohùn gìtá lásán dọ́gba. Ní ti díléè, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ijó ń balẹ̀ nínú ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi pín 60,000. Bí ó bá jẹ́ 100, èsì rẹ̀ ni mílísẹ́kọ́ńdì 600. Bí ó bá jẹ́ 120, ó di 500. Báyìí ni gbohùngbohùn kò fi ní máa bá onílù jà.

6. Bí ohùn bá dákẹ́ lójú eré

Ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀. Ẹ yí ohùn áńpílífáyà sílẹ̀, kí ẹ ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́ tààrà, kí ẹ sì máa bá eré lọ. Bí ó bá dún, inú pátákó ni àrùn wà. Bí kò bá dún, wáyà gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Nígbà tí eré bá sinmi, ẹ dá pẹ́dàlì padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn bá dákẹ́ sí lọ́wọ́, òun tàbí wáyà tí ó tọ̀ ọ́ wá ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀. Kí wáyà kékeré méjì àti wáyà gìtá kan máa wà nínú àpò yín nígbà gbogbo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti kan pátákó tirẹ̀ nísinsìnyí, ó sì ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà, kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún onígìtá tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(1) Èé ṣe tí ofadíráífù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú díléè?
(2) Bí pẹ́dàlì mẹ́ta bá ń jẹ mílíáńpù 50, 80 àti 100, ṣé àdápútà oní-200 lè gbé wọn?
(3) Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe bí gìtá bá dákẹ́ nígbà tí àwọn oníjó wà lójú agbo?