Ṣé Ọ̀nà Wà? Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Tẹ́sítà fún Waya àti Dáyóòdù

"Ó ti kú" ni ọ̀rọ̀ tí à ń sọ jù nípa ohun èlò oníná ní ẹ̀ka wa. Headphone ti kú, ṣájà ti kú, waya ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti kú. Nínú gírámà, gbólóhùn náà pé: ó ní olùwà, ó sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́. Kò sọ bóyá waya ló já, bóyá fíúsì ló jó, tàbí bóyá waya méjì ló fara kan ara wọn níbi tí kò yẹ. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ohun tó kù fún un kò ju kó ra òmíràn lọ, tàbí kó gba ohunkóhun tí ẹni tó fẹ́ bá a tún un ṣe bá sọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe tẹ́sítà kékeré kan tí yóò sọ "ó ti kú" di ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná kó tó lè ṣe é. Mítà wà lọ́jà, ó sì dára. Kí ẹni tó bá ní in máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí yóò mọ ohun tí mítà ń ṣe nínú lọ́hùn-ún nígbà tó bá dún "píì".

Ìbéèrè méjì péré

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni tẹ́sítà yìí ń béèrè, irú èyí tí à ń fi "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" bẹ̀rẹ̀. Èkíní: ṣé ọ̀nà wà láti ibí dé ọ̀hún? Èkejì: ṣé ọ̀nà náà gba àlọ àti àbọ̀, àbí àlọ nìkan?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Ní èdè wa, "iná" ni ohun tó ń jó lábẹ́ ìkòkò, òun náà ni ohun tó ń gba inú waya kọjá, òun náà sì ni ohun tí gílóòbù ń tàn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, "iná" ni èyí tó ń gba inú waya, "ìmọ́lẹ̀" sì ni èyí tí ojú ń rí.

Iná kì í rìn àfi tí ọ̀nà rẹ̀ bá yípo. Yóò jáde láti orí bátìrì, yóò gba inú waya kọjá, yóò sì padà sí ìdí bátìrì. Bí ọ̀nà náà bá já níbì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ dúró. Tẹ́sítà wa jẹ́ ọ̀nà yíyípo tí a mọ̀ọ́mọ̀ gé níbì kan. Ẹnu méjì ibi tí a gé yẹn la ó fi kan ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ohun náà bá so ọ̀nà pọ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò tàn. Bí kò bá so ó pọ̀, òkùnkùn ni.

Ohun tí a nílò

1. Bátìrì AA mẹ́ta, irú èyí tí à ń fi sínú aago ògiri, àti ilé tí wọ́n ń tò wọ́n sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.5. Bí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di 4.5.
2. LED pupa kékeré kan.
3. Rẹsísítọ̀ 220 ohm kan. Ìlà ara rẹ̀ ni pupa, pupa, búráùn. Ìlà aláwọ̀ góòlù sábà máa ń tẹ̀ lé wọn.
4. Waya rírọ̀ méjì, pupa kan, dúdú kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá.
5. Abẹ́rẹ́ ńlá méjì tàbí ìṣó tín-ín-rín méjì, àti bíró méjì tí yíǹkì wọn ti tán. Inú bíró ni abẹ́rẹ́ yóò wà kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú.

LED àti rẹsísítọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò, bí àpẹẹrẹ ní ọjà Alábà ní Èkó. A sì lè yọ wọ́n lára rédíò tàbí ohun ìṣeré ọmọdé tó ti bàjẹ́.

Ẹ má ṣe fo rẹsísítọ̀ yẹn. LED kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀; iye iná tí bátìrì bá lè fún un ni yóò gbà títí yóò fi jó. LED pupa máa ń gba bíi fóòtì 2 nínú 4.5. Èyí tó kù, fóòtì 2.5, yóò bọ́ sórí rẹsísítọ̀. 2.5 tí a bá fi 220 pín jẹ́ nǹkan bíi 0.011, ìyẹn mA 11. LED kékeré sábà máa ń gba tó mA 20, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀.

Àwọn kan máa ń lo bátìrì fóòtì 9, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi yan 4.5 ni pé nígbà tí a bá ń yẹ nǹkan wò láti ẹ̀yìn, gbogbo agbára bátìrì lè bọ́ lé ohun náà lórí. Ọ̀pọ̀ LED kò fẹ́ ju fóòtì 5 lọ láti ẹ̀yìn, transistor bíi BC547 kò sì fẹ́ ju 6 lọ láàárín emitter àti base rẹ̀. 4.5 kò dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn.

Bí a ṣe ń tò ó

Láti orí bátìrì, níbi tí àmì + wà, so rẹsísítọ̀. So òpin kejì rẹsísítọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ LED tó gùn. So ẹsẹ̀ LED tó kúrú mọ́ waya pupa. Òpin waya pupa ni abẹ́rẹ́ kìíní, tí a ó máa pè ní ẹnu pupa. Láti ìdí bátìrì, níbi tí àmì − wà, so waya dúdú. Òpin rẹ̀ ni ẹnu dúdú. Ẹni tó bá ní irin tí a fi ń yọ́ òjé kó fi òjé jó gbogbo oríta náà pọ̀. Ẹni tí kò ní kó lọ́ waya mọ́ra wọn dáadáa, kó sì fi téèpù dúdú dì í.

Bí a bá fẹ́ kó máa dún kí ojú wa lè wà níbi iṣẹ́, a lè fi buzzer fóòtì 5 kékeré kan kún un, irú èyí tó ń dún fúnra rẹ̀ bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. + rẹ̀ yóò lọ sórí bátìrì, − rẹ̀ yóò sì lọ sí waya pupa.

Kí a tó lò ó nígbàkúùgbà, ẹ fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ yà wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ kú. Bí a kò bá ṣe èyí, bátìrì lè ti tán, gbogbo ìbéèrè wa yóò sì máa gba "bẹ́ẹ̀ kọ́" láìjẹ́ òótọ́. Àwa tí à ń gba dátà lẹ́nu ènìyàn mọ bó ti rí: kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: waya

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí agbègbè Òkìtìpupa lẹ́ẹ̀kejì láti gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀, kò sí ohùn kankan tó wọ inú ẹ̀rọ, àfi ariwo bíi ti oyin. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti múra àlọ́ sílẹ̀. Wọn kò ṣeé sọ fún pé kí wọ́n dúró di oṣù tó ń bọ̀. Mo fura sí waya tó so gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀rọ, èyí tó ní jáàkì mm 3.5 lórí méjèèjì.

Jáàkì bẹ́ẹ̀ pín sí mẹ́ta: ṣóńṣó, àárín àti ìdí. Nínú headphone, ṣóńṣó ni etí òsì, àárín ni etí ọ̀tún, ìdí sì ni ọ̀nà àbọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí waya bá ní mẹ́ta níbí àti mẹ́ta lọ́hùn-ún, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni": ṣóńṣó sí ṣóńṣó, àárín sí àárín, ìdí sí ìdí. Mẹ́fà tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́". Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ṣókùnkùn, waya ti já. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn bá tàn, waya méjì ti fara kan ara wọn. Bí ẹ bá yà á bí tábìlì sórí ìwé, ẹ ó rí i pé kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń tò ìró láti mọ èyí tó dá dúró àti èyí tó wọ inú òmíràn.

Nínú waya tèmi, ṣóńṣó àti àárín dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí ṣókùnkùn. Mo ń tẹ waya náà díẹ̀díẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá jáàkì kan, ìmọ́lẹ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn. Ibẹ̀ ni waya máa ń já jù, nítorí ibẹ̀ la máa ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta gé ibẹ̀ dànù, ó sì fi jáàkì tuntun síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pa àlọ́ wọn, mo sì gbà á sílẹ̀.

Ọ̀nà kan náà la fi ń yẹ fíúsì inú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wò. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹnu kan sí orí, ẹ fi èkejì sí ìdí. Bó bá tàn, fíúsì kò jó.

Ìbéèrè kejì: dáyóòdù

Dáyóòdù ni ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná lọ síhà kan, tí kì í jẹ́ kó padà. Bí "Adé lu Ayọ̀" kò ṣe jẹ́ "Ayọ̀ lu Adé", bẹ́ẹ̀ ni ipò ṣe pàtàkì níbí. Dáyóòdù 1N4007, tó wọ́pọ̀ nínú ṣájà àti rédíò, jẹ́ dúdú, ó rí roboto, ó sì ní ìlà funfun ní òpin kan. Ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ni iná ń gbà jáde.

Ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ tí kò ní ìlà, ẹ fi ẹnu dúdú kan èyí tó ní ìlà. Ìmọ́lẹ̀ yóò tàn, ṣùgbọ́n yóò dín díẹ̀, nítorí dáyóòdù fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan bíi fóòtì 0.7. Ẹ wá pààrọ̀ ẹnu méjèèjì. Òkùnkùn ló yẹ kó wà. Bó bá tàn lápá kan tí kò tàn lápá kejì, ara rẹ̀ le. Bó bá tàn lápá méjèèjì, ó ti lu já. Bí kò bá tàn rárá, ọ̀nà inú rẹ̀ ti já.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà, dáyóòdù mẹ́rin ló ń sọ iná alálọ-àbọ̀ ti ilé di ti ọ̀nà kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lu já, fíúsì yóò jó. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúsì láì yẹ dáyóòdù wò, fíúsì tuntun náà yóò tún jó.

Ibi tó ti lè tàn wá

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí dáyóòdù bá ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, iná lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ láti inú ẹ̀yà mìíràn, ìmọ́lẹ̀ yóò sì tàn lápá méjèèjì bí ẹni pé ó ti lu já. Kí a tó dájọ́, kí a yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kí a tún béèrè.

Tẹ́sítà yìí kò mọ ohm 0 yàtọ̀ sí ohm 30. Bí a bá fi kan ṣóńṣó àti ìdí jáàkì headphone, yóò tàn, a ó sì gbọ́ "kà" nínú etí rẹ̀, nítorí waya wíwé tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀nà. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ó fi hàn pé headphone náà wà láàyè. Ẹ má fi í sétí nígbà náà. Capacitor ńlá yóò mú kó tàn fìrí, yóò sì kú. LED funfun lè má tàn dáadáa bó tilẹ̀ dára, nítorí òun nìkan ń fẹ́ nǹkan bíi fóòtì 3, LED ti tẹ́sítà sì ti gba 2.

Ààbò

Ẹ má fi tẹ́sítà yìí kan ohun tó wà lórí iná láé. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ bátìrì. Ẹ má sì tú ṣájà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ògiri: capacitor inú rẹ̀ lè di iná tó ju fóòtì 300 lọ mú fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn sì lè ṣe ènìyàn léṣe gidi. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí a ṣe ń tú iná inú capacitor dànù kó fi ṣájà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó máa ṣe waya àti fíúsì.

Bí a bá tilẹ̀ máa gbé nǹkan lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu wa yóò ti yàtọ̀. Dípò "Bọ̀dá, ó ti kú," a ó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìdí jáàkì yìí ló já, ẹ bá mi fi tuntun sí i." Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gbọ́ ọ yé, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti jáàkì kan. Ọ̀pọ̀ wa ní waya tí a ti pa tì sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kó wọn jáde, ẹ ya tábìlì mẹ́sàn-án yẹn sórí ìwé, kí ẹ sì máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.