Ta Ló Jókòó Sílé?

Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ gba fọ́ọ̀mù ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Obìnrin kan wà níwájú wa tó pọn ọmọ jòjòló. Aṣọ tó ti rin gbingbin fún wàrà wà léjìká rẹ̀, ó sì fa ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́. Tíṣà bi ọmọ náà pé iṣẹ́ wo ni màmá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ ní, "Màmá mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó ilé ni wọ́n." Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ ò fèsì, ó kàn ń tún ọ̀já rẹ̀ so ni.

Ó dùn mí, nítorí "ìyàwó ilé" ò túmọ̀ sí aláìníṣẹ́ rí. Nínú agbo ilé, ọmọ ilé ni ìdàkejì ìyàwó ilé: ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ni ọmọ ilé, ẹni tí wọ́n fẹ́ wọlé ni ìyàwó ilé. Ọ̀nà tí obìnrin gbà di ara ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyàwó ilé ló ń rẹ aró, òun náà ló ń ṣe àjàpá láti ọjà dé ọjà. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí wọ́n kọ owó orí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyàwó ilé sì ni wọ́n. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé iṣẹ́ tó ń mú owó oṣù wá nìkan ni iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà lẹ́nu wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó jókòó sílé". Ẹ fi "ti" kún un, kí ẹ wo bó ṣe yàtọ̀: "ó jókòó ti ọmọ". Ẹni tó jókòó ti aláìsàn ò sinmi, ẹni tó jókòó ti ọmọ ò sinmi. Àwọn tó fún wa ní "jẹ́léósinmi" mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ilé tí ọmọ kékeré wà ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ó sinmi díẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká ṣàtúnṣe ni "ìsinmi ìbímọ". Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tó lóyún ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà kó tó bímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bí ọmọ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ta ló ń sinmi nínú rẹ̀? Ẹni tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru? "Ààyè ìbímọ" ni mo fara mọ́.

Obìnrin tó padà síbi iṣẹ́ náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹnu wa. Ìyá jáde láàárọ̀, a ní "ó fi ọmọ sílẹ̀". Bàbá jáde láàárọ̀ kan náà, a ní "ó lọ wá oúnjẹ ọmọ". Ẹnu ọ̀nà kan ni àwọn méjèèjì gbà jáde, ọmọ kan náà ni wọ́n ń wá oúnjẹ fún. Èmi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀.

Bí a bá fẹ́ fún ẹni tó ń tako irú ìyàtọ̀ yìí lórúkọ, "ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin" tẹ́ mi lọ́rùn ju "fẹ́míníìsì" lọ. Ẹ̀tọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó tọ́ síni. Ó tọ́ sí obìnrin láti lọ síbi iṣẹ́, ó sì tọ́ sí i láti jókòó ti ọmọ rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Ẹ̀yin tíṣà, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ bá tún sọ pé ìyá òun ò ṣe nǹkan kan, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló wẹ̀ fún un láàárọ̀ yẹn, kí ẹ tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ń tọ́mọ."