Kí A Tó Yáwó Kàwé

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò àṣekágbá bá ti jáde, irú ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bàbá a bi ọmọ rẹ̀ pé, “Kí ni ìwọ fẹ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì?” Ọmọ a dáhùn pé, “Ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ni, Bàbá.” Bàbá a dákẹ́ díẹ̀, a sì tún béèrè pé, “Ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí o bá sì kọ́ ọ tán, kí ni yóò máa ti inú rẹ̀ wọlé?” Kì í ṣe pé bàbá náà kórìíra ẹ̀kọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn méjèèjì yẹ ọ̀ràn náà wò.

Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wà nínú agbára rẹ̀, Aláàfin ní àwọn ìlàrí tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún un, ó sì ní àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ń gbé inú ìlú tí ń sìn ín láti máa ṣojú fún un níbẹ̀. Lóde òní, a ń kọ́ nípa ohun tí ń fa ogun àti àlàáfíà, nípa òwò, òfin àti àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè. Ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales, ni a ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ní 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a fún ní orúkọ Obafemi Awolowo ní 1987, dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977.

Nísinsìnyí, kí ni ó ń ti inú rẹ̀ wọlé? Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ a máa rí ara wọn nínú ọkọ̀ aṣojú ìjọba, tí àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò pọ̀, a sì ní láti pín in káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rí i wọ̀, ìpele kẹjọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí ti èdè. Ìgbà tí a bá rán an lọ sí òkèèrè ni àjẹmọ́nú tí ó jọjú tó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù a máa ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ní àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olóyè Emeka Anyaoku, tí ó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà fún Àjọ Commonwealth láti 1990 títí di 2000, ẹ̀kọ́ nípa èdè àti ìwé àwọn ará Róòmù àti Gíríìsì àtijọ́ ni ó kọ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Adedeji, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó darí ìgbìmọ̀ ọrọ̀-ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1975 sí 1991, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé-ẹ̀rí kọ́ ni ó ń sanwó. Ohun tí ẹni tí ó gbà á lè ṣe ni.

Ó wá ku gbèsè. Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí a ń pè ní NELFUND. Owó náà kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba owó ìtọ́jú ara pẹ̀lú, 20,000 náírà lóṣù nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ó bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, bí ó bá ti rí iṣẹ́, a ó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ Lágbájá ń gba 150,000 náírà lọ́dún. Ní ọdún mẹ́rin, ó di 600,000. Ká ní ó tún gba owó ìtọ́jú ara fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún; èyí jẹ́ 800,000. Àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ di 1,400,000 náírà. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ 200,000, yóò san án tán ní ọdún 5 àti oṣù 10. Bí ó bá jẹ́ 100,000, ọdún 11 àti oṣù 8 ni. Bí ó bá sì jẹ́ 70,000, iye tí òfin 2024 sọ pé owó oṣù kò gbọdọ̀ dín sí, ọdún 16 àti oṣù 8 ni! Gbèsè kan náà ni. Owó oṣù ni ó sọ ọ́ di fífúyẹ́ tàbí wíwúwo. Ṣùgbọ́n ká ní Lágbájá ń jẹun láti ilé, tí ó sì yá kìkì owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ń gba 100,000 yóò bọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 5 péré.

Gbèsè elélèé kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Ojú owó wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ká ní Lágbájá yá 1,400,000 yẹn lọ́dọ̀ olówó èlé, ní 20 nínú 100 lọ́dún. Èlé ọdún kan jẹ́ 280,000. Bí ó bá ń san 10,000 lóṣù, 120,000 ni ó san lọ́dún. Kò tíì kan ojú owó, gbèsè náà sì ń ga sí i. Kí ni ó yàtọ̀ sí ìwọ̀fà?

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹbí tí ó fẹ́ ta ilẹ̀, tàbí kí ó yá owó èlé, láti rán ọmọ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní òkèèrè, rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £1,000 ni a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́dún nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ní 2025, iye tí a lè gbà ti di £9,535. Ìjọba wọn a máa yá wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a rán láti ìhín ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní ìpín nínú owó ẹ̀yáwó náà. Ilẹ̀ tí a bá sì ti tà, owó oṣù ìpele kẹjọ kì í tètè rà á padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò wí pé kí ẹ má ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí a wí ni pé kí ẹ fi owó oṣù àkọ́kọ́ díwọ̀n gbèsè, kí ẹ má ṣe fi ọkọ̀ alásíá díwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ sì fi ohun mìíràn kún ìwé-ẹ̀rí náà. Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ni ó yí Nàìjíríà ká: Benin, Niger, Chad àti Cameroon, èdè náà sì wà lára èdè mẹ́ta tí àjọ ECOWAS ń lò. Láti 1991 ni abúlé tí a ti ń kọ́ ọ ti wà ní Àgbádárìgì. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé, tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì mọ ìwé kọ dáadáa, kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Bí ọmọ bá lè jókòó ti bàbá rẹ̀, kí ó fi bébà àti kálámù ṣe ìṣirò yìí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣojú nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ìbéèrè méjì wo ni bàbá béèrè lẹ́yìn tí ọmọ ti dárúkọ ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́?
2. Báwo ni gbèsè elélèé ṣe jọ iṣẹ́ ìwọ̀fà?
3. Bí Lágbájá bá ń gba 140,000 náírà lóṣù, oṣù mélòó ni yóò fi san gbèsè 1,400,000?
4. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ tí ìwọ fẹ́ ṣe, iye tí kíkọ́ rẹ̀ yóò ná ọ, àti bí ìwọ yóò ṣe san án.