Mùdùnmúdùn Eegun: Orísun Àwọn Ọmọ-Ogun Ara

Ẹ̀yin ìyá wa, inú mùdùnmúdùn eegun ni àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn ni ó ń bí ẹ̀jẹ̀ pupa àti ẹ̀jẹ̀ funfun lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni ọmọ-ogun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bí bíbí bá dúró, àìsàn kékeré a di ńlá.

Oògùn bíi chloramphenicol lè ba mùdùnmúdùn àwọn ènìyàn kan jẹ́. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí dókítà kò kọ.
2. Bí ibà bá ń padà wá, tí ẹnu ń dá egbò, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ funfun, ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.